Ọmọbìnrin Gbádégẹṣin Tó Ń Wa Ilẹ̀ Bíbélì

Ebè ni Gbádégẹṣin ń kọ lọ́wọ́ nígbà tí Tolúlọpẹ́, ọmọbìnrin rẹ̀, sọ fún un pé òun kò ní ṣe nọ́ọ̀sì mọ́. Ó ní ẹ̀kọ́ nípa wíwa ilẹ̀ ni òun fẹ́ lọ kọ́ ní yunifásítì.

Gbádégẹṣin nà dúró, ó gbára lé ọkọ́. "Wíwa kí ni?"

"Wíwa ilẹ̀, Bàbá mi. Ákíọ́lọ́jì ni wọ́n ń pè é. Ibi tí àwọn ará àtijọ́ gbé rí ni a ó máa wà, kí a lè mọ bí wọ́n ṣe gbé ayé wọn. Ti ilẹ̀ Bíbélì ló wù mí jù."

Gbádégẹṣin wo ebè tó wà níwájú rẹ̀, ó yíjú wo èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó tún wo ọmọ náà. "Tolú, kí wá ni èyí tí a ti ń ṣe láti àárọ̀?"

Tolúlọpẹ́ bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.

Àgbẹ̀ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́ ni Gbádégẹṣin. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ni, oko rẹ̀ sì wà lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Ìsẹ̀, níbi tí àpáta ti yọrí láàárín kòkó àti ẹ̀gẹ́. Ìwé mẹ́fà péré ló kà kí bàbá rẹ̀ tó kú, kí ọkọ́ tó gba gègé lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ìwé náà tó fún un láti ka Bíbélì Yorùbá láti páálí dé páálí, kì í sì í ṣe lẹ́ẹ̀kan. Òun ni olùkọ́ kíláàsì àwọn àgbà ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ibi tí ẹlòmíràn ti ń sáré fò kọjá, ibi tí orúkọ ọba pọ̀ sí, ibẹ̀ gan-an ló fẹ́ràn jù. Bó bá ń sọ ìtàn àwọn ọba Júdà, ẹni tó gbọ́ ọ á rò pé àdúgbò kan náà ni wọ́n jọ gbé. Á ní, "Áhásì yẹn, ọmọ burúkú ni. Ṣùgbọ́n Hesekáyà tó bí, ọmọ gidi ni. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ẹ̀gún bí òdòdó."

Bí a bá ní ká sọ òótọ́, òun fúnra rẹ̀ ló ti ọmọ náà sí ohun tó ń kọ̀ yìí. Ahoro ìlú kan wà ní ìpẹ̀kun oko rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò rántí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ dó. Nígbàkígbà tí wọ́n bá ń kọ ebè níbẹ̀, àpáàdì ni ọkọ́ ń hú jáde. Tolúlọpẹ́ kékeré á mú un, á fi aṣọ nù ún, á ní, "Ta ló ni ín, Bàbá mi?"

"Àwọn tó ti wà níbẹ̀ kí a tó dé ni."

"Kí ni orúkọ wọn?"

Gbádégẹṣin kò mọ̀ ọ́n. Á ní kí ọmọ náà jẹ́ kí iṣẹ́ yá. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí bàbá kò dáhùn, ọmọ á máa gbé e kiri.

Jọkẹ́, ìyàwó rẹ̀, tíṣà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ló kọ́kọ́ fara mọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ó ní, "Bàbá Tolú, ẹ jẹ́ ó lọ. Ẹni tó mọ ohun tó ń wá kì í sọnù."

Gbádégẹṣin gbà, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò gbà á tán. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá jókòó, tí oníkálukú ń sọ pé ọmọ tòun ń ṣe dókítà, ọmọ tòun ń ṣe lọ́yà, òun á kàn sọ pé, "Tèmi náà ń kàwé," á sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bí òjò ṣe rọ̀ sí ní oko wọn. Jẹ̀lílì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, kò sì jẹ́ kó sinmi. Mùsùlùmí ni Jẹ̀lílì, kànga gbígbẹ́ sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Kò sí ibi tó le ní Ìkẹ́rẹ́ tí kò tíì wọ inú ilẹ̀ rẹ̀ rí.

"Gbádé," Jẹ̀lílì á wí, "o ò fi ọ̀rọ̀ lọ̀ mí ni. Ilẹ̀ wíwà tí ọmọ yẹn tìtorí rẹ̀ lọ sí Ìbàdàn, ṣebí n bá ti kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Okùn àti garawa nìkan ni ì bá mú wá."

Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín Gbádégẹṣin a máa tètè tán.

Ohun tó wá dá kún un ni ọ̀rọ̀ tí Pásítọ̀ Olúṣọlá, àlùfáà ìjọ wọn, bá a sọ. Kò fi ìbínú sọ ọ́, ìfẹ́ ló fi sọ ọ́. Ó ní òun ti gbọ́ pé àwọn kan nínú àwọn tó ń wa ilẹ̀ Bíbélì a máa padà wá sọ pé irọ́ ni ohun tó wà níbẹ̀. Ó ní kí bàbá máa fi ọmọ náà sínú àdúrà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí Tolúlọpẹ́ máa padà sí Ìbàdàn, bàbá rẹ̀ pè é sí abẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé. "Bí o bá dé ilẹ̀ Bíbélì, tí o wà á, tí o wà á, tí o kò rí nǹkan kan tó bá Bíbélì mu ńkọ́?"

"Bàbá mi, ṣé òótọ́ ni ohun tí ẹ kọ́ mi?"

"Òótọ́ ni."

"Kí ló dé tí a ó fi máa bẹ̀rù ilẹ̀ nígbà náà?"

Gbádégẹṣin gbé ọwọ́ lé e lórí, ó gbàdúrà fún un, àdúrà náà sì gùn débi pé Jọkẹ́ jáde wá wò wọ́n.

Ọdún ń gorí ọdún. Tolúlọpẹ́ ṣe tán, ó tún padà lọ fún oyè kejì. Ó kọ́ lẹ́tà àwọn Hébérù àtijọ́, irú èyí tí wọ́n ń kọ nígbà ayé àwọn ọba Júdà. Nígbà tó wálé lọ́dún kan, ó fi èédú kọ orúkọ bàbá rẹ̀ ní lẹ́tà náà sára ògiri ilé ìdáná. Jọkẹ́ bínú nítorí ògiri rẹ̀, ṣùgbọ́n Gbádégẹṣin ò jẹ́ kí wọ́n pa á rẹ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn olùwádìí kan pe Tolúlọpẹ́ pé kó wá bá àwọn ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Júdà fúnra rẹ̀, ní òkìtì ìlú àtijọ́ kan tó wà ní apá gúúsù Jerúsálẹ́mù. Bí Gbádégẹṣin ṣe gbọ́ Jerúsálẹ́mù, ó ní kí wọ́n tún un sọ.

Ọ̀sán gangan ni fóònù dún lóko. Jẹ̀lílì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó wá gba iṣu. Ojú Tolúlọpẹ́ yọ lójú fóònù, fìlà gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ lórí rẹ̀, eruku kún ojú rẹ̀. Kó tó sọ gbólóhùn kan tán, nẹ́tíwọ́ọ̀kì já. Gbádégẹṣin sáré gun àpáta tó wà létí oko, Jẹ̀lílì ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn rẹ̀. Orí àpáta yẹn nìkan ni ohùn ti ń já geere.

"Bàbá mi, ẹ wo nǹkan tí mo rí lónìí!"

Ó gbé nǹkan kan sókè, ó pọ́n rúsúrúsú, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Gbádégẹṣin fún ojú pọ̀, ó sún mọ́ fóònù. Oòrùn kò jẹ́ kó rí i dáadáa.

"Àpáàdì ni," ó wí.

"Etí ìkòkò ni, Bàbá mi. Etí ìṣà ńlá."

Jẹ̀lílì yọrí síbẹ̀. "Tolú! Ṣé kò sí àpáàdì mọ́ ní Ìkẹ́rẹ́ ni, tí o fi wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ wá a?"

Tolúlọpẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó wá mú etí ìkòkò náà sún mọ́ fóònù. Àmì kan wà lára rẹ̀, tí wọ́n fi èdìdì tẹ̀ sí i nígbà tí amọ̀ ṣì tutù: nǹkan kan tó na ìyẹ́ sí ọ̀tún àti òsì. Lókè rẹ̀ ni lẹ́tà mẹ́rin tó ti fẹ́ẹ̀ pa rẹ́ wà.

"Mo lè kà á, Bàbá mi. 'Ti ọba' ni wọ́n kọ síbẹ̀."

"Ọba wo?"

"Irú rẹ̀ pọ̀ tí wọ́n ti rí ká ilẹ̀ Júdà, èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ rí i. Ṣùgbọ́n ìgbà ayé Hesekáyà ni àwọn tó mọ̀ ọ́n gbà pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wá. Ìṣà tí wọ́n ń rọ òróró àti wáìnì sí ni, bóyá nígbà tí wọ́n ń múra sílẹ̀ de ogun Ásíríà."

Gbádégẹṣin rọra jókòó lórí àpáta. "Hesekáyà wo? Hesekáyà ọmọ Áhásì?"

"Òun náà ni."

Gbogbo ọdún tí Gbádégẹṣin ti fi ń kọ́ni, ẹnu lásán ló fi mọ Hesekáyà. Ó mọ àdúrà rẹ̀, ó mọ àìsàn rẹ̀, ó mọ bó ṣe kọjú sí ògiri tó sunkún. Kò fìgbà kan rò ó pé ọkùnrin náà ní ìkòkò. Kò rò ó pé ẹnì kan dúró níwájú amọ̀ tútù nígbà ayé rẹ̀, ó tẹ èdìdì ọba mọ́ ọn, ó nu ọwọ́, ó sì mú òmíràn. Ọmọ tòun, ọmọ Ìkẹ́rẹ́, ló wá di etí ìkòkò náà mú yìí.

"Tolú," ó wí, ohùn rẹ̀ ti yí padà, "dì í mú dáadáa. Má jẹ́ kó bọ́ o."

"Mo dì í mú, Bàbá mi. Ṣé ẹ mọ bí mo ṣe rí i? Ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú díẹ̀, ó sì rọ̀ ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, bí ibi tí wọ́n ti wa iṣu nígbà kan tí wọ́n dí i padà. Mo bẹ ọ̀gá wa pé kó jẹ́ kí n rọra wo abẹ́ rẹ̀."

Nígbà tí ọ̀rọ̀ parí, Jẹ̀lílì wo ọ̀rẹ́ rẹ̀. Omi ti lé ròrò sójú Gbádégẹṣin. Jẹ̀lílì kò ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Gbádé, o bímọ." Òun ló ru ẹrù iṣu méjèèjì délé lọ́jọ́ náà, ti ara rẹ̀ àti ti ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Kó tó di ọjọ́ kejì, ìròyìn ti kárí àdúgbò. Gbádégẹṣin tí kì í fẹ́ sọ ohun tí ọmọ rẹ̀ ń kọ́, òun náà ló ń dá ọlọ́kadà dúró láti sọ fún un. Ó yé àwọn kan, kò yé àwọn kan. Obìnrin kan kí i kú oríire pé ọmọ rẹ̀ rí ìṣúra ọba. Gbádégẹṣin ní, "Etí ìkòkò ni o." Obìnrin náà tún un kí, ó ní Olúwa yóò fi ìyókù ìkòkò náà hàn án.

Nígbà tí Tolúlọpẹ́ wálé fún ọdún Kérésì, àwọn tíṣà ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní ìlú bẹ̀ ẹ́ pé kó wá bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ ní gbọ̀ngàn wọn. Àwọn tó wá pọ̀ ju ohun tí wọ́n rò lọ. Oníṣọ́ọ̀ṣì wá, onímọ́ṣáláṣí wá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúró sójú fèrèsé. Gbádégẹṣin wọ agbádá òfì tó fi ṣe ìgbéyàwó. Jọkẹ́ ní ooru á pa á. Ó ní kó pa òun.

Iná lọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, bí ìṣe rẹ̀. Tolúlọpẹ́ kò fi ṣe nǹkan kan. Ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ sórí tábìlì gíga, ó ní kí wọ́n sún mọ́ òun, wọ́n sì sún mọ́ ọn. Gbádégẹṣin, níbi tó jókòó sí, ń wo bí àwọn àgbààgbà ṣe ń na ọrùn láti gbọ́ ohun tí ọmọ tó máa ń tẹ̀lé òun lọ sóko ń sọ.

Ó fi àwòrán òkúta kan hàn wọ́n, tí wọ́n rí ní ìhà àríwá Ísírẹ́lì, èyí tí ọba ọ̀tá kan gbẹ́ ọ̀rọ̀ sí láti fi ṣe fáàrí ogun. Nínú fáàrí rẹ̀ ló ti dárúkọ "ilé Dáfídì." Ó ní àwọn kan ti ń ṣe iyèméjì tẹ́lẹ̀ bóyá Dáfídì wà rárá. "Ẹ wá wò ó," ó wí, "ọ̀tá ìdílé rẹ̀ ló bá wa tọ́jú orúkọ rẹ̀."

Lẹ́yìn náà ló sọ ti ihò omi tó gba abẹ́ àpáta kọjá ní Jerúsálẹ́mù. Àwọn òṣìṣẹ́ gbẹ́ ẹ láti ìhà méjì, àwọn kan níhìn-ín, àwọn kan lọ́hùn-ún, wọ́n sì pàdé láàárín. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri ihò náà bó ṣe ṣẹlẹ̀: pé nígbà tí ó ku díẹ̀, wọ́n gbọ́ ohùn ẹni tó ń pe ẹnìkejì rẹ̀ láti òdìkejì àpáta. Ìwé Àwọn Ọba sọ pé Hesekáyà ló fa omi wọ inú ìlú. Ṣùgbọ́n nínú ohun tó kù lára ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbẹ́ náà, kò sí orúkọ ọba kankan. Ọ̀rọ̀ àwọn tó di dígà mú ló wà níbẹ̀.

"Òótọ́ ni!" Jẹ̀lílì ni, ó ti dìde lẹ́yìn. "Ohùn ló máa ń ṣáájú. Èmi àti àbúrò mi ti gbẹ́ irú ẹ̀ rí. Bí o bá ti ń gbọ́ ohùn ẹnìkejì rẹ, tìrọ̀rùn tìrọ̀rùn ni kó o máa lọ, kó o má bàa la orí rẹ̀!"

Ẹ̀rín bú yẹ́ẹ̀. Tolúlọpẹ́ pàtẹ́wọ́ fún un.

Ìyáàfin Bísọ́lá, tíṣà tó ń kọ́ni ní ìtàn ní ilé ẹ̀kọ́ náà, ló béèrè ìbéèrè tó wúwo jù. "Ẹ ti sọ ti Júdà. Àwọn ará Ásíríà tó gbógun wá ńkọ́? Ṣé ohun tí wọ́n kọ bá ti Bíbélì mu?"

Pásítọ̀ Olúṣọlá tẹ̀ síwájú lórí àga. Gbádégẹṣin mú etí agbádá rẹ̀ mọ́ ọwọ́.

"Ó bá a mu níbi púpọ̀, kò sì bá a mu níbi gbogbo," Tolúlọpẹ́ dáhùn. Ó ní Senakéríbù, ọba Ásíríà, kọ ìtàn ogun rẹ̀ sára amọ̀ tí wọ́n sun. Ọba náà ní òun ṣẹ́gun àwọn ìlú olódi Júdà. Bíbélì náà sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní Hesekáyà fi wúrà àti fàdákà san ìṣákọ́lẹ̀; Bíbélì náà sọ bẹ́ẹ̀, ìwọ̀n wúrà wọn tilẹ̀ dọ́gba, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti fàdákà kò dọ́gba. "Nígbà tó wá dé orí Jerúsálẹ́mù, ó ní òun sé Hesekáyà mọ́ inú ìlú rẹ̀ bí ẹyẹ inú àgò."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?" Ìyáàfin Bísọ́lá béèrè.

"Lẹ́yìn náà, kò sọ pé òun wọ ìlú náà. Kò síbì kankan tó ti sọ ọ́."

"Bíbélì sọ ìdí tí kò fi wọ̀ ọ́," Tolúlọpẹ́ ń bá a lọ. "Áńgẹ́lì Olúwa ni. Ilẹ̀ kò lè fi áńgẹ́lì hàn mí, n kò sì ní parọ́ fún yín pé mo rí i níbẹ̀. Ìyẹn, ìgbàgbọ́ ni. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ fi hàn mí pé ọba náà wá, ó jà, ó sì padà sílé láìwọ Jerúsálẹ́mù."

Gbádégẹṣin kò mọ ìgbà tí òun dìde. Òun tí kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ bí kò bá ti í ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì, ó rí i pé gbogbo ojú ti yí sọ́dọ̀ òun.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó wí. "Ọdẹ kan ti oko dé, ó ní òun ká òkété mọ́ inú ihò. Ó ní ihò náà jìn, ó ní òun dúró sẹ́nu rẹ̀, ó ní òkété náà ń gbọ̀n. Ẹ bá mi bi í: ẹran dà?"

Ìṣẹ́jú kan kò kọjá kí gbọ̀ngàn tó dàrú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ojú fèrèsé ń lù ú gbàgbàgbà, wọ́n ń pariwo, "Ẹran dà? Ẹran dà?" Ìyáàfin Bísọ́lá ń rẹ́rìn-ín, ó ń pàtẹ́wọ́, ó ní òun máa fi ìyẹn kọ́ kíláàsì òun. Pásítọ̀ Olúṣọlá bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún.

Tolúlọpẹ́ dúró títí ariwo fi rọlẹ̀. Ojú rẹ̀ ń dán. "Bàbá mi nìyẹn," ó wí.

Nígbà tí wọ́n dé ilé, Jọkẹ́ ti gún iyán. Àlejò kò jẹ́ kí wọ́n tètè fọwọ́ bọ omi. Ìyá àgbà kan láti ẹ̀yìn ilé wọn tẹjú mọ́ Tolúlọpẹ́, ó fi èdè ìlú kí i: "Ọmọ mi, ku ulé o. Ulẹ̀ ò ní gbé ọ mì." Gbogbo wọn ṣe àmín, wọ́n sì pín iyán náà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wá gbẹ̀yìn.

Tolúlọpẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí ọdún tuntun wọlé, ó ti ń múra oyè ọ̀mọ̀wé. Ní ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀lé e, Gbádégẹṣin lọ kọ́ kíláàsì rẹ̀ bí ìṣe rẹ̀. Àwọn tó bá níbẹ̀ ju àwọn tó mọ̀ lọ. Àwọn ọ̀dọ́ tí kíláàsì tiwọn wà lábẹ́ igi ti ṣí wá, àwọn kan gbé àga ike láti ilé wọn. Wọ́n ní ìtàn Hesekáyà ni àwọn fẹ́ gbọ́.

Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, láti ọ̀dọ̀ Áhásì, kò fo orúkọ kankan. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ adágún àti ipa omi tí ọba náà ṣe, ó gbé ìka lé ojú ìwé náà, ó dúró.

"Ọmọ mi ti rìn níbẹ̀," ó wí.

"Nínú ihò náà gan-an, Bàbá Tolú?" ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ béèrè.

"Nínú ihò náà gan-an. Omi ṣì ń ṣàn níbẹ̀. Ó ní ó dé òun lórúnkún, ó sì tutù."

Ó jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ yé. Lẹ́yìn náà ló fi ìka tọ́ ọ̀rọ̀ tó kàn, ó sì ń kà á lọ.